Ìyẹ̀fun Tí Rutilio Ní Kí Ó Rọ́pò Oògùn

Eufrasia kò bínú lásán. Ó lé lógún ọdún tí òun àti Hermilo ọkọ rẹ̀ ti ń din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tà nínú agbada bàbà ní ìlú Quiroga, ní Mẹ́síkò, Hermilo kò sì lè rí awọ díndín kí ó má jẹ ẹ́. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà fún un ní oògùn. Ó ní kí ó dín ọ̀rá jíjẹ kù, kí ó sì máa po ìyẹ̀fun èèpo èso kan mọ́ omi púpọ̀, kí ó mu ún kó tó ki, pé yóò ran oògùn lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Rutilio, tó ń ta egbòogi, ni Hermilo ti ra ìyẹ̀fun náà. Rutilio rí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó pòṣé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ da májèlé yẹn nù. Ṣíbí kan láàárọ̀, kí ẹ wá jẹ gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó bá wù yín. Èyí á gbá gbogbo ọ̀rá lọ."

Ohun tí etí Hermilo ń wá nìyẹn. Ó da oògùn nù, kò sọ fún ìyàwó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àìkú tí oníbàárà kún, ó di àyà mú, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada.

Kò kú. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n bi í léèrè oògùn, àjà ló ń wò.

"Rutilio ló ní..."

"Rutilio!" Eufrasia fò dìde. "Ṣé Rutilio lo fẹ́ níyàwó ni?"

Pẹ̀lú épíróònù ọlọ́ràá lọ́rùn ló wọ ṣọ́ọ̀bù Rutilio.

"Ẹ jókòó, ìyá..."

"Mi ò jókòó! Dókítà ní kó mu ìyẹ̀fun yìí pẹ̀lú oògùn, ìwọ ní kó mu ún dípò oògùn! Ka ẹ̀yìn páálí ìyẹ̀fun yẹn. Kà á sókè!"

Àwọn oníbàárà yíjú sí wọn. Rutilio yí páálí náà, ó kà á: "Èyí kò... kò rọ́pò oògùn dókítà."

"O mọ̀wé kà, o wá fẹ́ sọ mí di opó!"

Oníbàárà méjì dá ọjà wọn padà, wọ́n bá Eufrasia jáde.

Hermilo padà sílé, ó ń lo oògùn, ẹ̀wà ló sì ń jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rọra wo ìyàwó rẹ̀.

"Frasia, ṣé o ṣì ń bínú?"

"Mo ṣì ń bínú." Ó ti ife ńlá ìyẹ̀fun tó ti pò sí i níwájú. "Tètè mu ún kó tó ki bí ẹ̀kọ."