Apànìyàn Tí Kò Wá Kí Ọlọ́fọ̀

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní pálọ̀ ìyá kan tí wọ́n ń kọ̀wé bíi tèmi, ní Ìbà Housing Estate, nítorí aládùúgbò wọn kan ń yan ẹja lẹ́yìn fèrèsé. Ìtàn ìfẹ́ ni ìyá náà ń kọ, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni tèmi. Mo máa ń wá láti Okokomaiko lọ́sàn-án Sátidé, a ó sì ka iṣẹ́ wa fún ara wa. Ọkọ wọn á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oorun á sì gbé wọn lọ bí ìtàn mi bá ti gùn jù. Ká sòótọ́, mo fojú kéré ìtàn ìfẹ́ nígbà náà. Lójú mi, kí ọkùnrin rí obìnrin kó fẹ́ ẹ kò tó ohun tí èèyàn ń làágùn lé lórí.

Atẹ̀wétà ti dá ìwé mi méjì padà. Ẹ̀sùn kan náà ni: òǹkàwé á ti mọ apànìyàn kí ìtàn tó dé ìdajì. Ẹ̀kẹta ni mo gbé dání lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo sì ti pinnu pé bí wọ́n bá tún dá a padà, n ó gbájú mọ́ iṣẹ́ tíṣà mi, n ó pa ìwé kíkọ tì. Nínú ìtàn náà, wọ́n pa bàbá onílé kan ní Ọ̀jọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì pa á. Kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí ọ̀rẹ́ yìí, mo yọ ọ́ kúrò lójú pátápátá. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin òkú títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ, n kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi.

Bí mo ṣe ń kà á lọ, ìyá náà gbọ́wọ́ sókè.

“Dúró ná. Ọ̀rẹ́ bàbá yẹn ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló ti wá kí ọlọ́fọ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ ná, mà.”

“Ibo la tún ń lọ? Òun ló pa á!”

Ọkọ wọn, tí mo rò pé wọ́n ti sùn, la ojú kan. “Èmi ti mọ̀ tipẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bá yọjú sílé ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Nígbà tó yá, mo bi ìyá náà níbi tí wọ́n ń fi ọkọ ìyàwó pa mọ́ sí nínú ìtàn tiwọn.

“Iwájú ọmọbìnrin tó máa fẹ́ ẹ gan-an ni,” ni wọ́n wí. “Ọkùnrin náà ló ń bá wọn gbé àga níbi ìgbéyàwó ẹlòmíì. Ta ló ń wo ẹni tó ń gbé àga?”

Mo tún ìtàn náà kọ. Ọ̀rẹ́ yìí ló kọ́kọ́ dé, òun ló to àga, òun ló pọn omi, òun ló rẹ àwọn ọmọ olóògbé lẹ́kún. Atẹ̀wétà gba ìwé náà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọkọ ìyá náà ṣaláìsí. Nígbà tí mo débẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í to àga. Ìyá náà tẹjú mọ́ mi láti orí ẹní tí wọ́n jókòó sí.

“Àbí ìwọ lo pa á ni?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Èmi náà gbé àga kan dání, mo ń sunkún, nítorí mo fẹ́ràn bàbá náà.

Mo ti kọ ìwé mélòó kan láti ìgbà náà, ìtàn ìfẹ́ pàápàá wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé nǹkan sínú nínú ìtàn mi, ì báà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ì báà jẹ́ ìfẹ́, àga ni mo máa ń fún un gbé, torí bákan náà ni àwọn méjèèjì ń rí lójú ẹni tó ń wòran. Ìyá náà nìkan ló mọ èyí tí mo gbé sínú lọ́jọ́ ọ̀fọ̀ ọkọ wọn.