Orúkọ Ìyá Tó Wà Lára Ìgò Eyín

Ọjọ́ tí wọ́n na Fàúsátù Ògúnlànà ní Òkun-Ajah, ọ̀sán gangan ni, àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àwọ̀n wọlé. Wọ́n fọ́ ọ lẹ́nu. Dókítà eyín ni wọ́n fọ́ lẹ́nu o!

Ọmọ ibẹ̀ náà ni. Bàbá rẹ̀ pẹja ní etí òkun yẹn títí tó fi kú, ìyá rẹ̀, Ṣùkúrátù, sì ṣì ń yan ẹja lọ́dún 1982 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Fàúsátù kàwé kàwé, ó di dókítà eyín ní ilé ìwòsàn ìjọba kan l'Ékòó. Àfi bó ṣe wálé lọ́jọ́ kan tó ní òun tún ń padà sí yunifásítì lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ìyá rẹ̀ ní, "Tó o bá gbà á tán, kí ni wọ́n á máa pè ẹ́?"

"Dókítà ni, Màámi."

"Kí ni wọ́n wá ń pè ẹ́ báyìí?"

"Dókítà náà ni. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ gbà yìí ju ìyẹn lọ."

Ṣùkúrátù rẹ́rìn-ín títí ẹja fi fẹ́ jóná. "Ó dáa. Tó o bá di dókítà lẹ́ẹ̀mejì tán, kó o wá di ìyàwó lẹ́ẹ̀kan péré fún mi."

Ohun tí Fàúsátù fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí eyín àwọn ọmọ etí òkun fi ń tètè kẹ̀. Ó fura sí omi kànga. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ní kó máa kó eyín ọmọdé tó bá bọ́ fúnra rẹ̀ jọ, kí wọ́n lè gé e wò. Ọdún mẹ́ta ló fi ń kó o láti abúlé dé abúlé, ó sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Eyín kọ̀ọ̀kan ní ìgò tirẹ̀, àwọn ìgò abẹ́rẹ́ kéékèèké tó fọ̀ mọ́ tónítóní. Tí ìgò yẹn bá ti bàjẹ́, oyè lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí eyín ọmọ bá bọ́, orí òrùlé ló ń jù ú sí, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ bí iye ọdún rẹ̀, kí alángbá má baà rí i. Tí alángbá bá rí i, òmíràn ò ní hù. Fàúsátù ní kí àwọn ọmọ ju òkúta, kí wọ́n mú eyín wá, òun á fún wọn ní bisikíìtì. Ìyẹn nìkan, àwọn ìyá ì bá fojú fò ó. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ìgò ló bà á jẹ́. Ràṣídì márùn-ún ló wà ní Òkun-Ajah nìkan, Làtífátù ò lóǹkà. Kí wọ́n má baà dà pọ̀, ó kọ orúkọ ìyá tẹ̀lé ti ọmọ: Ràṣídì ọmọ Modúpẹ́, Ọlákẹ́mi ọmọ Sìmbíátù. Ta ni ò mọ ohun tí àwọn ẹni ibi ń fi orúkọ èèyàn àti orúkọ ìyá rẹ̀ ṣe? Ìwé tó kà ti jẹ́ kó gbàgbé.

Ọlákẹ́mi yìí, ọmọ Yẹ̀kínì apẹja ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Eyín iwájú rẹ̀ kan bọ́ lọ́dún tó ṣáájú, ó wà nínú ìgò Fàúsátù, àmọ́ òmíràn ò hù. Lọ́jọ́ yẹn, Fàúsátù jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó ṣí àpótí ìgò sílẹ̀, ni Gàníyù tó ń ta àgbọn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìgò kan, ó kà á.

"Ọlákẹ́mi ọmọ Sìmbíátù! Yẹ̀kínì, wá wo orúkọ ìyàwó ẹ lára ìgò! Dókítà yìí ló de eyín ọmọ ẹ mọ́lẹ̀!"

Yẹ̀kínì sáré dé láti ìdí àwọ̀n. Àjẹ̀ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi gbá Fàúsátù lápá, egungun dún pàá.

"Eyín ọmọ mi dà, gbọ́mọgbọ́mọ?"

"Bọ̀dá Yẹ̀kínì, ẹ jẹ́ n…"

Gàníyù fi ẹ̀ṣẹ́ dá a lóhùn. Eyín iwájú rẹ̀ méjì bọ́ sórí iyanrìn. "Kó tìẹ náà sígò! Kọ ọ́ sí i lára: Fàúsátù ọmọ Ṣùkúrátù!"

Ni gbogbo wọn bá bò ó. Àwọn obìnrin tó ń pè é ní Àǹtí Dókítà láàárọ̀ ń fi èèpo àgbọn lù ú lórí. Wọ́n ń ya ìwé kúrò lára ìgò, wọ́n ń jù ú sínú iná ẹja, wọ́n sì ń da eyín sórí òrùlé páànù, ó ń rọ̀ wàràwàrà bí òjò. Fàúsátù ò sunkún nítorí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ má ya ìwé ẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ìwé ẹ̀!"

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nítorí oògùn ẹ̀!"

Gàníyù da kẹrosíìnì sí i lára. Ṣùkúrátù sáré dé, ó dùbúlẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. "Ẹ da tèmi náà!"

Láti abẹ́ ìyá rẹ̀ ni Fàúsátù ti rí Ọlákẹ́mi tó ń ké, tó ya ẹnu gbàgà. Èrìgì ọmọ náà wú, ó funfun lójú kan.

"Bọ̀dá Yẹ̀kínì, ẹ fi ìka kan èrìgì ọmọ yín. Tẹ́ ẹ ò bá bá eyín níbẹ̀, kẹ́ ẹ sun mí!"

Yẹ̀kínì dúró. Ó ki ìka bọ ọmọ lẹ́nu. Ọmọ han.

"Nǹkan kan le níbí," ló wí.

"Eyín ni. Èrìgì ló yi, kò jẹ́ kó jáde. Wọ́n máa ń là á ni."

"Irọ́ ló ń pa!" Gàníyù ṣáná. Yẹ̀kínì fi àjẹ̀ gbá a lọ́rùn ọwọ́, ìṣáná fò sínú iyanrìn. Gàníyù rọ́ lù ú. Yẹ̀kínì lù ú, ó lù ú, títí kò fi lè dìde mọ́, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgò mọ́kàndínlógún péré ló kù tí ìwé wà lára rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní eyín tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín kò lè jẹ́rìí nǹkan kan, àfi kó tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n la èrìgì Ọlákẹ́mi ní ilé ìwòsàn, eyín jáde.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Fàúsátù padà wá jókòó sábẹ́ igi àgbọn, apá rẹ̀ ò tíì nà dáadáa. Ó jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀ kí Yẹ̀kínì tó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ dé. Kò lè wo Fàúsátù lẹ́nu.

"Àǹtí Dókítà, òmíràn bọ́ láàárọ̀. Ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, orúkọ…"

"Mi ò ní kọ orúkọ, Bọ̀dá. Nọ́ńbà ni mo máa kọ, èmi nìkan ni mo máa mọ ọmọ tó ni ín."

Ó fi eyín náà sígò, ó kọ nọ́ńbà ení sára ìgò. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́lòmíì tó wá.