Ibi Tí Bàbá Bàbá Mi Ti Kọ̀: Ìrìn Àjò sí Abúlé Kan Lẹ́yìn Ìlúgùn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Fọlákẹ́, ọmọ mi obìnrin, jáde nílé wa ní Igbein. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sílé. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn mọ ìdí tí ọ̀nà igbó fi ń ba òbí lẹ́rù lásìkò yìí. Ó dá mi lóhùn pé, "Dádì, èmi ni wọ́n fẹ́ fẹ́, ẹ̀yin kọ́." Mo bá ní kó máa bọ̀.

Ìwádìí ló gbé wa jáde. Kí ìdílé kan tó gba ìyàwó fún ọmọ wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá àrùn wà nílé rẹ̀, bóyá olè wà, bóyá apànìyàn wà. Ìdílé ọkùnrin tí Fọlákẹ́ fẹ́ fẹ́ rán àǹtí wọn àgbà, Ìyá Ìtọ́kò, wá sí àgbo ilé wa. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, nìkan ló kù nínú àwọn àgbà wa. Nígbà tí ìyá náà béèrè nípa bàbá tó bí wọn, ìyẹn bàbá bàbá mi, wọ́n ní, "A kì í sọ̀rọ̀ ẹni yẹn nílé yìí." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Ìtọ́kò bá lọ béèrè níta. Wọ́n sọ fún un pé òyìnbó kan ni bàbá náà pa láyé ìjọba òyìnbó, tí wọ́n sì so ó kọ́. Pé ẹjọ́ náà lókìkí débi pé àwọn èèyàn wọkọ̀ ojú irin láti Èkó wá wò ó. Ìdílé ọkùnrin náà bá dá ètò ìgbéyàwó dúró. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ju orúkọ bàbá bàbá mi lọ, Ṣówálé, àti abà tó ti ṣiṣẹ́ òkúta.

Ọ̀kadà gbé wa dé Láfẹ́nwá, a sì rí tákísì tó ń lọ sí Ìlúgùn. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kí n tó wọlé, mo yí ọkọ̀ náà po, mo ń wo táyà.

Awakọ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wọ mọ́tò ni àbí ẹ fẹ́ rà á?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti ń pá, kó jọ̀ọ́ kó rọra sá. Nígbà tí mo tún rán an létí lójú ọ̀nà, ó ní, "Bí mo bá tún rọra ju báyìí lọ, ìgbín á yà wá sílẹ̀, á ní ẹ kú ìrìn o." Fọlákẹ́ fi ọwọ́ bo ojú.

Ọ̀nà náà dán títí a fi kọjá Ọdẹ́dá, lẹ́yìn náà kòtò pọ̀. Àpáta dúdú wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sì ń da eruku bò wá. Ní Ìlúgùn a ra ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná, isu ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi ata dín. Tiwọn le ju ti Igbein lọ, ó sì ta ju tiwa lọ. Láti ibẹ̀, ọ̀kadà wọ inú igbó pẹ̀lú wa. Mo ní kí Fọlákẹ́ jókòó láàárín.

Nílé wa, omi la fi ń gba àlejò ká tó bi í ní ìbéèrè. Ní abà yìí, "ọmọ ta ni yín?" ló ṣáájú omi. Ọkùnrin kan tó ń fi èèkù sí ọkọ́ ló bi wá. Mo ní ọmọ ọmọ Ṣówálé ni mí.

"Ṣówálé wo?"

Mo ní, "Èyí tí wọ́n so kọ́."

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó dìde. "Èmi náà ń jẹ́ Ṣówálé," ló wí, ó sì mú wa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá Sẹ̀lí ni wọ́n ń pe ìyá náà. Ó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé wa wá, ó pòṣé.

"Ẹ̀tù ni wọ́n fi ń fọ́ òkúta nígbà náà," ló bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n á lu ihò, wọ́n á ki ẹ̀tù sí i, wọ́n á tanná sí okùn rẹ̀, wọ́n á sá. Ìgbà mìíràn, kò ní bú. Bóyá iná ti kú, bóyá ó ṣì ń jó nínú ihò, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn kì í lọ. Ọmọ wa ló ń rán."

Ó yíjú sí ibi tí Fọlákẹ́ wà. "Ọmọkùnrin kan lọ, kò tíì dàgbà tó ọ, ọmọ mi. Aṣọ ni wọ́n fi kó o jọ."

Fọlákẹ́ ní, "Kí ni kóòtù sọ, mà?"

"Kóòtù wo? Òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, ó wò ó, ó ní ìjàm̀bá iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti tún ń lu ihò."

Bàbá bàbá mi, Ṣówálé, ni olórí òṣìṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹ̀tù tún kọ̀ láti bú. Òyìnbó ní kó rán ẹnìkan. Ó ní òun ò ní rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀ mọ́. Òyìnbó gbá a létí. Ṣówálé ní kó gbá etí kejì náà, òun ò ní rán ẹnikẹ́ni.

"Bàbá tó bí mi ni wọ́n fẹ́ rán, òun ló sọ ọ́ fún mi," Ìyá Sẹ̀lí wí. "Òyìnbó bínú, ó bú wọn ní ojo, ó lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ẹ̀tù náà bú mọ́ ọn."

Ibì kan náà, ẹ̀tù kan náà. Ti ọmọ wa jẹ́ ìjàm̀bá. Ti òyìnbó di ìpànìyàn. Wọ́n ní Ṣówálé mọ̀ pé iná ṣì wà nínú ihò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló jẹ́rìí fún un, adájọ́ òyìnbó sì ní irọ́ ni wọ́n ń pa fún ara wọn. Òyìnbó kan tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà wá búra pé Ṣówálé ti ń halẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ni adájọ́ gbà.

"Àwọn tí kò rán lọ padà bímọ," ìyá náà wí. "Bàbá mi ló sọ ọmọ mi yìí ní Ṣówálé. Méjì mìíràn tún wà lábà yìí. Ta ló ń jẹ́ ẹ nílé yín?"

Mo ní kò sí.

"Òyìnbó ṣe tiwọn, wọ́n so ó kọ́. Kí ni tiyín?"

Ọmọ rẹ̀ mú wa lọ wo ibi tí wọ́n ti fọ́ òkúta náà ká tó padà. Omi ti kún ibi tí wọ́n gbẹ́, koríko sì bo etí rẹ̀. Mo di ọwọ́ Fọlákẹ́ mú kó má baà sún mọ́ ọn. Kò já a gbà.

Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí a dé Igbein. Bàbá Kékeré wà níwájú ilé lórí àga wọn. Inú ìyá wọn ni wọ́n wà nígbà tí òyìnbó so bàbá wọn kọ́. Wọ́n sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Mi ò tíì jókòó tí wọ́n fi wò mí lójú.

"Ṣé lóòótọ́ ni bàbá mi pa òyìnbó náà?"

Mo rí i nígbà náà pé kò sígbà kan tí wọ́n rí ẹni bi ní ìbéèrè yìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ihò àkọ́kọ́ títí dé ẹ̀rí òyìnbó.

Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi nìyí: mo ti rò pé à ń fi ìdákẹ́jẹ́ dáàbò bo àwọn ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà ni Ìyá Ìtọ́kò gbọ́ tó fi gbà pé òótọ́ ni. Adájọ́ òyìnbó ti kú tipẹ́. Àwa la ń bá a dá ẹjọ́ náà lọ.

Bàbá Kékeré ní kí Fọlákẹ́ pe Ìyá Ìtọ́kò fún àwọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ béèrè nípa bàbá mi lọ́jọ́ sí, mi ò dá yín lóhùn dáadáa. Ṣówálé ni orúkọ wọn. Ẹ ní sùúrù fún mi, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀."

Wọ́n sọ ọ́ tán. A gbọ́ ohùn Ìyá Ìtọ́kò nínú fóònù: "Òyìnbó gbá wọn létí, síbẹ̀ wọn ò rán ọmọ ọlọ́mọ?"

"Wọn ò rán an."

"Ẹ wá sọ ọ́ báyìí lójú gbogbo ilé wa, bàbá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá, a ó jọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Fọlákẹ́ bú sẹ́kún. Mo na ọwọ́ kí n gba fóònù, Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ mi kúrò.

"Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Bá mi pe àwọn ìbátan wa tó wà ní Ṣàpọ́n, kí àwọn náà lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn wọn, ó ku àwọn ti Èkó."