Ìyàwó Tí Wọn Kò Fẹ́ Pe Ìlú Rẹ̀

Nílé bàbá mi ní Oǹdó, ìlú tí ìyàwó ti wá la fi ń pè é. Bí ọmọ ilé bá gbé ìyàwó wá láti Ìdànrè, ìyàwó Ìdànrè ni yóò máa jẹ́ títí tó fi máa darúgbó. Èmi náà wà nílé ọkọ ní Àkúrẹ́, ìyàwó Oǹdó ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan níbẹ̀ pè mí ní ará Èkìtì, àbúrò bàbá mi, olórí ẹbí wa, wọkọ̀ láti Oǹdó wá bá wọn wí pé wọ́n tàbùkù ìdílé òun.

Ọkùnrin yìí kan náà ni kò fẹ́ gbọ́ Táíwàn sétí. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní “wọ́n”. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lára mi.

Táíwàn, erékùṣù tí Ṣáínà ń sọ pé tòun ni, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ́ ìyàwó. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì dé ni olórí ẹbí ti sọ obìnrin náà ní Ìyàwó Ṣáínà. Ó fi Yorùbá tó ń kọ́ lọ́wọ́ ṣàlàyé pé òun kì í ṣe ará Ṣáínà. Olórí ẹbí ní kí ni ìyàtọ̀, ṣebí ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Nígbà kan tí ìyàwó náà wá kí mi ní Àkúrẹ́, mo bi í pé kí ló dé tí àwọn èèyàn ẹ̀ kò kúkú kéde pé àwọn ti dá dúró, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó ní àwọn kan ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn díẹ̀ ní kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Ṣáínà, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù, bí ìyá òun, ní kó ṣì wà bó ṣe wà ná.

“Àǹtí, a ní ìjọba tiwa, àwa la ń dìbò yàn án. Bá a bá pariwo ẹ̀, ogun lè dé. Bá a bá ní Ṣáínà la jẹ́, irọ́ nìyẹn. Ẹ kàn máa fi ìlú mi pè mí.”

Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Nígbà tí màmá wa kú, wọ́n ń pe àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́, kí wọ́n jó lọ síwájú pẹpẹ. Mo ti bẹ olórí ẹbí kó tó gba máìkì pé Ìyàwó Táíwàn ni kó pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó Ṣáínà ló ṣì pè. Obìnrin náà ṣì jókòó. Olórí ẹbí tún un pè. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde nítorí màmá, tí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

“Bí mo bá dìde, mo ti gbà nìyẹn,” ló wí. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Nígbà tá a délé, ẹbí ní ó ti dójú ti òkú, pé bí kò bá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, àwọn ò ní kà á sí ìyàwó mọ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀. Ó bẹ màmá pé kí wọ́n má bínú, òun kò jó fún wọn. Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí gbogbo wa. Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán.

“Ìyàwó Ṣáínà, dìde, a ti dárí jì ọ́.”

Kò dìde. Wọ́n gbé iyán wọlé, wọ́n sì ń na abọ́ síra wọn kọjá lókè orí ẹ̀.