Ẹ Gbọ́ Gìtá, Ẹ Ò Gbọ́ Òórùn

Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò kẹ́yìn pọ̀, ẹ̀wà jóná. Ó gbé e ka gáàsì láàárọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé, kí n bá òun fetí sí i. Mo ní mo ti gbọ́. Pálọ̀ ni mo wà, láàárín sípíkà mi méjèèjì, mò ń gbọ́ bí ìka ọkùnrin kan ṣe ń yọ̀ lórí okùn gìtá ní ìlú òkèèrè kan tí n kò ní í dé láé. Mo gbọ́ ìka rẹ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo tiẹ̀ gbọ́ bí àga tó jókòó lé ṣe han. Ẹ̀wà nìkan ni n kò gbọ́.

Ìyàwó mi wọlé tòun ti abọ́ aṣọ tó ti ṣófo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú.

"Àlájì, ẹ gbọ́ gìtá, ẹ ò gbọ́ òórùn?"

Ẹni tó bá ń sọ èdè wa mọ̀ pé ẹjọ́ yìí kò ní àwíjàre. Etí la fi ń gbọ́ orin, imú la fi ń gbọ́ òórùn, ṣùgbọ́n gbígbọ́ kan náà ni lẹ́nu wa. Àwọn tó ṣe sípíkà mi kò mọ èyí. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kò sí ohun tí etí yín yóò tún pàdánù mọ́. Ìyàwó mi ní kí n dá a padà fún wọn, kí n sì fi ìsàlẹ̀ ìkòkò ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú àìsàn tó ń ṣe mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sin adìyẹ, èmi wọ ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń júwe àwo orin gìtá fún ara wọn. Gìtá tí kò lo iná ni o, igi àti okùn lásán. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Àwọn obìnrin ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Kì í sì í ṣe orin tó dùn là ń wá. Rárá o! Ẹni tó bá ní orin kan dùn mọ́ òun, ojú àánú la ó fi wò ó. Ohun tí a ń béèrè ni ibi tí wọ́n gbé makirofóònù sí, irú igi tí wọ́n fi ṣe gìtá náà, àti bóyá a lè gbọ́ bí yàrá tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ṣe tóbi tó. Wọ́n ti bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n kọ ohun tí mo mọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́. Òun nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wá àwo obìnrin kan tó fi okùn ọ̀rá ta gìtá nínú yàrá olókùúta. Gbogbo ẹgbẹ́ wa gbà pé kò lẹ́gbẹ́. Tí sípíkà yín bá dára, ẹ ó gbọ́ bó ṣe mí sínú kó tó fọwọ́ kan okùn. Ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Òtútù ń mú ọmọ yẹn. Ṣé kò sẹ́ni tó lè fún un ní àgbo ni?"

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ti bàbá arúgbó kan tó ń lo okùn irin. Nígbàkigbà tí ìka rẹ̀ bá kúrò níbì kan bọ́ sí ibòmíràn, okùn a máa han fín-ín. Ọ̀kan nínú wa pe híhan yẹn ní òtítọ́ inú orin. Ìyàwó mi pè é ní eku. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín rárá.

Àwo kan tún wà tí èèyàn méjì jọ ta, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí ẹ bá jókòó síbi tó tọ́ gan-an, ẹ ó dà bí ẹni tó wà láàárín wọn. Ibi tó tọ́ gan-an nínú ilé wa ní àdúgbò Ṣàngó wà lójú ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí orin náà délé, ìyàwó mi yóò gbé tíréè la àárín àwọn onígìtá kọjá.

"Ẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́," màá ní.

"Wọ́n á yà fún mi," yóò ní. "Ọmọlúàbí ni wọ́n."

Àwọn àwo náà fúnra wọn kò jọ ọ́ lójú. Ó ní òun kò rí àwo tí kò ṣeé bu ọbẹ̀ sí rí.

Lọ́jọ́ ẹ̀wà yẹn, kò bínú. Ó rọra bu òkè ìkòkò, ó da gààrí sí i, ó jókòó sórí apá àga mi, ó ń jẹ ẹ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwa ẹgbẹ́ tó bó ṣe yẹ.

"Òkè rẹ̀ mọ́ gaara," ó ní. "Ìsàlẹ̀ ló wúwo jù. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ó pe ọmọ wa obìnrin ní Àbújá, ó ròyìn ẹ̀wà náà fún òun náà, wọ́n jọ fi mí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kí n jí òun fún àlàásárì. Nígbà tí ládàánì pe ìrun, mo lọ jí i. Kò jí.

Èèyàn kún ilé. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó yẹ kí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú máa ṣe, èmi nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n to kúlà oúnjẹ sórí sípíkà mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, àáfà àgbà láti apá Ọjà-Ọba, wò wọ́n títí lẹ́yìn àdúà.

"Ọkọ àbúrò mi, ṣé kọ́bọ́ọ̀dù nìwọ̀nyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ga o. Ibo ni wọ́n ti ń ṣí i?"

Àwọn ẹgbẹ́ orí fóònù náà kí mi. Ọ̀kan júwe àwo kan tí yóò tù mí nínú. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì nínú rẹ̀ kò ní àfiwé. Ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yìí ni à ń lé kiri láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí rẹ̀ la ṣe ń pààrọ̀ wáyà, torí rẹ̀ la ṣe ń bá aládùúgbò jà lórí jẹnẹrétọ̀. Ó ti wá kún ilé mi báyìí láìra wáyà kankan. Ẹni tó bá ń wá a kó gbé àpò wá.

Nígbà tí èrò tú ká, ọmọ wa obìnrin jókòó tì mí.

"Bàbá mi, ẹ ò lè dá gbé ilé yìí."

"Kí ló dé?"

"Kí lẹ fẹ́ máa jẹ?"

"Oúnjẹ."

"Ta ló máa sè é? Ẹ̀yin tí ẹ̀wà jóná mọ́ létí?"

Ó ní yàrá wà fún mi ní Àbújá, àmọ́ kò sí àyè fún kọ́bọ́ọ̀dù. Òun yóò padà wá lópin oṣù. Tí òun bá bá mi lórí búrẹ́dì àti tíì, ẹrù mi ni òun yóò dì.

Ọmọ dáadáa ni, n kò sì bá a jiyàn. Mo lè fi sípíkà sílẹ̀. Wọ́n kì í ṣe ẹbí mi, bí àwọn kan tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbà kọjá láàárín wọn kò ṣeé dì mọ́ ẹrù. Ní Àbújá, kò sí ẹni tí onígìtá yóò yà fún.

Mo jẹ búrẹ́dì títí oṣù fi ń lọ sópin. Mo wá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà-Ọba. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀ wò mí lókè nílẹ̀.

"Ta ló fẹ́ sè é?"

"Èmi ni."

Ó gbé kóńgò rẹ̀ sílẹ̀. "Háà. Ẹ kú àmúmọ́ra o, Àlájì. Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ ẹ."

N kò sọ fún un pé ìyàwó mi kú. Ọkùnrin ọjọ́ orí mi tó fúnra rẹ̀ wá ra ẹ̀wà ti ròyìn ara rẹ̀ tán.

Mo ṣa ẹ̀wà náà, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kaná. Mo wá lọ sí pálọ̀, mo ká aṣọ tí mo fi bo sípíkà kúrò, mo fi àwo ọkùnrin tó ń ta gìtá lọ́jọ́ yẹn sí i. N kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé a kì í dìde láàárín àwo. Mo jókòó síbi tó tọ́ gan-an. Ìka yọ̀ lórí okùn. Àga han. Ọkùnrin náà mí sínú, ara rẹ̀ le bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi bá a gbè é, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Orin ń lọ sí ibi tó dùn jù, ibi tí a máa ń ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti dákẹ́ pátápátá, nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kò tíì jẹ́ òórùn ìjóná. Òórùn omi tó ń gbẹ ni. Mo dìde. Mo la àárín àwọn sípíkà kọjá, mo ṣí ìkòkò, mo bu omi sí i, mo dín iná kù. Mo dúró tì í níbẹ̀. Orin tán láìsí mi.

Nígbà tí ẹ̀wà jinná, mo fi iyọ̀ àti epo sí i, mo pe ọmọ wa.

"Mo ti se ẹ̀wà."

"Ó jóná?"

"Òkè rẹ̀ mọ́ gaara."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kò jóná."

"Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Mo ki ṣíbí ìdáná dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo yí i po. Kò lẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ó dáa," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹrù ṣì lè dúró ná. Àmọ́ màá wá tọ́ ọ wò o."

Mo sọ ìkòkò kalẹ̀. Mo mú àwo kan, irú èyí tó ṣeé bu ọbẹ̀ sí, mo bu ẹ̀wà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo jókòó, mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ ti pọ̀ jù.