Hóró Oògùn Méjì Tí Mo Fún Alábàágbé Mi

Lásìkò tí owó epo rọ̀bì gbòde ni dókítà sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Aránṣọ ni mí n'Ìdímù, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ mi, torí tonílé tàlejò ló ń rán aṣọ tuntun. Ilé ń dìde káàkiri. Tipà oníyanrìn ń kọjá níwájú wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, eruku pupa a sì bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá tiẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, àyà mi á máa lù kìkìkì bíi ti ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Dókítà ní òun máa fún mi ní oògùn tí yóò jẹ́ kí ọkàn mi máa rọra lù. Kó tó kọ ọ́, ó bi mí bóyá mo ní ikọ́ sémìísémìí. Mo ní rárá, ó sì ń kọ̀wé rẹ̀ lọ. Mi ò bi í pé kí ló dé tó fi béèrè. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi máa ń tutù, ara mi sì máa ń wúwo láàárọ̀, àmọ́ àyà mi rọlẹ̀.

Ìyàwó awakọ̀ tipà kan ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Omi àdúrà ni wọ́n ń mu níbẹ̀, wọn kì í fi oògùn òyìnbó kan ẹnu. Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi, síbẹ̀ bí ọmọ ìyá la ṣe ń gbé. Ó máa ń bá mi rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń gbọ́ tí èémí rẹ̀ ń dún bíi fèrè bó bá ń gbálẹ̀. Eruku ni mo pè é.

Oyún méjì bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín ọdún kan. Àtìgbà náà ni àyà rẹ̀ ti ń já. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní kí n fún òun nínú oògùn mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́," ó wí. "Wọ́n á ní mi ò nígbàgbọ́."

Mo fún un ní hóró méjì. Ó gbé e mì lójú mi, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Àlùwàlá alásàrí ọjọ́ náà ni mò ń ṣe lọ́wọ́ tí mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú ní yàrá rẹ̀. Mo bá a nílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń wá èémí, kò rí i. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Tipà kan ló gbé wa. Orí ẹsẹ̀ mi ló dákẹ́ sí kí a tó dé ilé ìwòsàn.

Dókítà tó wà níbẹ̀ bi mí ohun tó lò. Mo sọ ọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní oògùn tó ń dẹ ọkàn yẹn a máa dí ọ̀nà èémí ẹni tó bá ní ikọ́ sémìísémìí.

Mo délé, mo fi ohun tí dókítà sọ pa mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, wòlíì wọn ní ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá bá wọn ṣọ̀fọ̀, ló wà nídìí ikú náà. Awakọ̀ náà lé ìyá rẹ̀ jáde. Mo rí màmá arúgbó náà lẹ́bàá títì lórí ẹrù rẹ̀, ó ń retí mọ́tò, kò sunkún. Mo wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́.

Ó ní, "Ìyàwó mi ò wá lè sọ fún mi pé ara òun ò yá."

Ó jáde lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́bàá títì, ṣùgbọ́n màmá náà ti wọkọ̀ lọ.

Kí oṣù tó parí, awakọ̀ náà kó lọ sí Akówonjo. Ẹ̀ẹ̀kan péré la tún pàdé, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bi mí bí ara mi ṣe ń ṣe.