Ogójì Lórí Tẹmómítà Tuntun

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbòògùn ìjọ kan ní Àràndún. Òun ló ń fi tẹmómítà sí abíyá àwọn aláìsàn, ó sì mọ òǹkà rẹ̀ bí ẹni mọ orúkọ ọmọ: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ara dá, bó bá kọjá ọgọ́rùn-ún, ibà dé, bó bá di mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Òmù-Àrán.

Nígbà tí owó epo ṣì wà lóde, Èkó ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ibẹ̀ ni mo ti ra tẹmómítà kan tí a kò lò rí. Nígbà tí nǹkan le, tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ọkọ mi pa, mo gbé ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, wá sọ́dọ̀ ìyá mi. Ojú ìyá mi ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, ara ọmọ náà gbóná. Mo fi tẹmómítà náà sí i lábíyá.

"Mélòó ni?"

"Ogójì ni, Màámi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ogójì kẹ̀? Òkú gan-an kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni nǹkan Èkó yẹn ń pa." Ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà. "Ibà lásán ni. Fún un lóògùn, kí o fi omi nù ún lára."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọrùn ọmọ gan, gìrì sì mú un. Alùpùpù aládùúgbò ló gbé èmi àti ìyá mi pẹ̀lú ọmọ náà dé ọsibítù. Dókítà bi mí bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó lánàá. Mo sọ fún un.

"Ogójì, ẹ sì jókòó sílé? Ogójì ti ìsinsìnyí ni mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ayé àtijọ́!"

Ìyá mi di ògiri mú. "Ta ló yí i padà?"

Dókítà ní ti tuntun ló bọ́gbọ́n mu: ibi tí omi ti ń di yìnyín ni òdo, ibi tó ti ń hó ni ọgọ́rùn-ún. "Ṣùgbọ́n àwa ènìyàn ló kàn yàn án bẹ́ẹ̀, Màmá. Ooru kò mọ iye tí a ń pè é."

"Omi ni wọ́n wò," ni ìyá mi wí. "Wọn ò wo ọmọ."

Ọmọ náà yè, àmọ́ etí rẹ̀ di pátápátá. Ìyá mi kì í yé sọ ọ́: "Ká ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún lo pè é ni, ẹ̀yìn mi ni ǹ bá fi pọ̀n ọ́n dé Òmù-Àrán."

Títí ó fi kú, n kò lè sọ fún un pé ìwé kékeré kan wà nínú páálí tẹmómítà náà, tó to ìwọ̀n méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi ni mo jù ú nù ní Èkó. N kò tilẹ̀ kà á.